Láti ọjà Otley dé orí òkè Chevin: ẹ fi mọ́tò sílẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín

Tẹ́ ẹ bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé orí òkè lẹ wà ní Sátidé, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ fi gbààwẹ̀. Màámi pè mí lórí fóònù nígbà kan, wọ́n ní níbo ni mo wà, mo ní orí òkè ni mo wà mà, wọ́n ní "Háà, Ọlọ́run á gbọ́ o, ọmọ mi, má gbàgbé àbúrò ẹ nínú àdúrà o, ọ̀rọ̀ ìdánwò ẹ̀ yẹn." Ojú tì mí láti sọ pé mi ò tíì gba àdúrà kankan, ẹ̀pà ni mò ń jẹ, mo jókòó sórí òkúta ńlá kan, mò ń wo bí àwọn àgùntàn ṣe kéré bíi hóró ìrẹsì lápá ìsàlẹ̀. Mo kàn ní "Àmín, mà."

Òkè tí mò ń wí ni Otley Chevin, ní West Yorkshire níbí. Ìlú Otley ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ìlú ọjà àtijọ́, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo láti Leeds. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé Leeds àti Bradford ni ò débẹ̀ rí, àwọn tó sì ti débẹ̀, mọ́tò ni wọ́n gbé lọ, ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lókè níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n á páàkì, wọ́n á rìn díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò mẹ́ta, ó parí, ilé yá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, ṣùgbọ́n lójú tèmi ẹni tó gbé mọ́tò dókè yẹn ò tíì rí nǹkan tó wà níbẹ̀, màá sọ ìdí ẹ̀ tá a bá dókè. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ júwe, láti àárín ọjà dé téńté, àtohun tó yẹ kẹ́ ẹ mú dání àtohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nílé.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí kẹ́nikẹ́ni má bàa sọ pé mo tan òun jẹ. Láti ọjà dé téńté òkè, kò ju nǹkan bíi kìlómítà méjì lọ, ìyẹn ò tó nǹkan, ẹlòmíì ń rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ṣọ́ọ̀bù tó bá ń wá bàtà ọdún. Ibi tó ti le ni pé òkè lẹ máa máa gùn ṣáá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tó tẹ́jú. Téńté ẹ̀ ga tó mítà 282, ìlú fúnra ẹ̀ wà ní bíi mítà 60, torí náà ohun tẹ́sẹ̀ yín máa gùn lé ní mítà 200. Fún ẹni tó bá mọ Ìbàdàn, mítà 105 ni Cocoa House, ẹ gun Cocoa House láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé, kẹ́ ẹ wá fojú inú wò ó pé wọ́n gbé Cocoa House míì lé e lórí, ẹ gun ìyẹn náà, lifti ò ṣiṣẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tára ẹ̀ le á dókè láàárín ìṣẹ́jú 40, ẹni tó bá ń dúró mí bíi tèmi á lò tó wákàtí kan, ẹni tó bá kó ọmọdé dání kó ṣírò ẹ̀ sí wákàtí kan ààbọ̀ kó má bàa máa pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ lórí láìnídìí.

Ọ̀rọ̀ bàtà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ torí òun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, oṣù kọkànlá ni, kánfáàsì funfun tuntun ni mo wọ̀, mo fẹ́ kó jáde dáadáa nínú fọ́tò. Ẹrẹ̀ Yorkshire ò mọ bàtà olówó o. A ò tíì rìn jìnnà tí kánfáàsì fi di aláwọ̀ kòkó, ìgbà tó yá mo tẹ ewé tútù kan tó bo òkúta, mo yọ̀ gẹ̀rẹ̀, ìdí mi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa ń bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀, ó wò mí, ó ní "All right, love?", ó sì kọjá, kò tiẹ̀ mí helehele. Látọjọ́ yẹn ni mo ti lọ ra bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra ti olówó ńlá, ṣọ́ọ̀bù charity ń tà á ní pọ́n-ùn díẹ̀, ẹ ṣáà yí ìdí ẹ̀ wò, tó bá ti jẹ́ pẹlẹbẹ bíi ti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ẹ gbé e kalẹ̀ padà. Tó bá sì jẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ káàkiri ilé fún ọjọ́ mélòó kan, bàtà tuntun lórí òkè máa ń bó gìgísẹ̀.

Aṣọ: ẹ má wọ kóòtù ńlá kan tó wúwo. Ẹ wọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ mẹ́ta léra wọn, torí tẹ́ ẹ bá ń gùn ún ooru máa mú yín títí tẹ́ ẹ fi máa bọ́ méjì nínú ẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún tẹ́ ẹ bá dókè tán, atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀ á ní kẹ́ ẹ wọ gbogbo ẹ̀ padà kẹ́ ẹ tún wá èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nílé. Jákẹ́ẹ̀tì òjò ṣe pàtàkì, kódà bí oòrùn bá ń ràn bíi ti Sókótó láàárọ̀. Ẹ má wọ jíìnsì, tómi bá ti kàn án ó di ẹrù, kì í sì í tètè gbẹ. Obìnrin tó bá fẹ́ wọ ìró kó wọ̀ ọ́, mo ti rí àǹtí kan tó wọ ṣòkòtò sábẹ́ tó sọ́ ìró mọ́ ìdí, wọ́n gun òkè yẹn ju èmi lọ.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ gbọ́ tèmi, ẹ fi kúlà sílẹ̀. Ìgbà kan tá a kó ara wa lọ, ẹnì kan tó fẹ́ràn wa gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù wá, inú wa dùn ní sítéṣọ̀n bọ́ọ̀sì, ìdajì ọ̀nà ni inú wa ò dùn mọ́, ọkùnrin méjì ló ń gbé e bí ẹni tó gbé pósí, gbogbo òyìnbó tó bá kọjá ló ń wo wá. Ohun tó dáa ni ohun tẹ́ ẹ lè jẹ láìlo ṣíbí: pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyin sísè, búrẹ́dì tó ní sadín. Ẹ fi tíì gbígbóná sínú fúláàsì, ẹ mú omi dání, ó kéré tán jálá kékeré kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá kan fún pàǹtí. Páwà báńkì fún fóònù, torí òtútù máa ń jẹ bátìrì. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn máàpù tòótọ́, Ordnance Survey Explorer 297 lẹ máa rà, òun ló bo gbogbo agbègbè yẹn, gbogbo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló wà nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àsìkò tún kù. Nínú oṣù kẹfà oòrùn ò ní wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ á fi kọjá, ẹ lè jẹun ọ̀sán tán nílé kẹ́ ẹ tó jáde. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ oòrùn ti wọ̀, òkùnkùn inú igbó sì máa ń ṣáájú tìta. Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù, ẹ ti kúrò nínú ọjà ní aago mọ́kànlá àárọ̀, ká má wá sọ pé à ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá ọ̀nà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ. Bọ́ọ̀sì tó ń gba Headingley àti Bramhope kọjá láti Leeds máa já yín sí sítéṣọ̀n bọ́ọ̀sì Otley, ibẹ̀ ò jìnnà sọ́jà rárá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé ni wọ́n ń nájà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá lè mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ mú un. Àwa tá a dàgbà sídìí ọjà ọrọọrún mọ̀ pé ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, bí ìlú méjì ni. Ọdún 1222 ni Ọba Henry Kẹta fún wọn láṣẹ ọjà, ìyẹn ti lé ní ọdún 800, wọ́n ṣì ń pàtẹ síbẹ̀ náà. Kì í ṣe ọjà ńlá o, ẹ má retí Bódìjà. Ẹ̀fọ́, òdòdó, wàràkàṣì, aṣọ, fóònù kéèsì, ọkùnrin kan tó ń pariwo iye tó ń ta sitirọ́bẹ́rì, ṣùgbọ́n ìró yẹn mọ́ èèyàn létí. Ilé kékeré onílẹ̀kùn gbayawu kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Buttercross, ibẹ̀ làwọn àgbẹ̀ ti ń ta bọ́tà láyé àtijọ́, tójò bá ń rọ̀, abẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sá sí. Aago gogoro kan náà wà nítòsí, ti jùbílì Queen Victoria. Ẹ wo aago yẹn dáadáa, ẹ wo àwọ̀ òkúta ẹ̀, ẹ wo ibi tó dúró sí láàárín títì, a máa padà bá a.

Tẹ́ ẹ bá láǹfààní, ẹ kọ́kọ́ yẹ nǹkan méjì wò kẹ́ ẹ tó gbéra. Àkọ́kọ́ ni ère Thomas Chippendale ní Manor Square. Otley ni wọ́n bí i sí ní 1718, ìdílé kápẹ́ńtà, ó lọ sí London, ó di ẹni táwọn ọlọ́lá ń ránṣẹ́ sí kó wá ṣe àga fún wọn, títí dòní tí wọ́n bá ní àga kan jẹ́ Chippendale, owó gọbọi ni. Ìkejì wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì All Saints, èyí gan-an ló máa ń mú mi dúró pẹ́. Wọ́n gbẹ́ òkúta bí ẹnu ihò ojú irin, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ kékeré lọ́tùn-ún lósì bí ààfin ọba, ọmọdé á fẹ́ rá kọjá nínú ẹ̀. Ìrántí àwọn lébìrà tó kú nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ihò Bramhope ni, láàárín 1845 sí 1849. Ihò yẹn gba abẹ́ òkè kọjá, ẹni tó bá ti wọ rélùwéè láti Leeds lọ Harrogate ti gbabẹ̀ láìmọ̀. Omi ya lù wọ́n nínú ẹ̀, òkúta wó lù wọ́n. Èmi tí mo mọ ohun tójú lébìrà ń rí ní orílẹ̀-èdè yìí àtèyí tó ń rí nílé, mi ò lè rí ère yẹn kí n kàn kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjà, ẹ gba Bondgate, kẹ́ ẹ wá yà sí Station Road tó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ má béèrè sítéṣọ̀n o. Station Road wà, sítéṣọ̀n ò sí, wọ́n ti pa á tì láti 1965, ọdún tí wọ́n parí Cocoa House gan-an nìyẹn, àwa ń kọ́ àwọn ń tì. Ibi tójú irin gbà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di bypass tí mọ́tò ń gbà báyìí. Ẹ máa bá Birdcage Walk pàdé, nítòsí ibẹ̀ lọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti já sí afárá tó gba orí bypass kọjá. Tẹ́ ẹ bá ti gun afárá yẹn tẹ́ ẹ sọ̀ ọ́, ìlú ti parí nìyẹn, pápá ló kù àti òkè tó dúró síwájú yín bí ògiri. Ní pàtó ibẹ̀ yẹn lẹlòmíì máa ń gbójú sókè tó máa ní "Ibo? Ibẹ̀ yẹn?" Ẹ má dá a lóhùn, ẹ máa rìn.

Nínú pápá, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyí. Géètì tẹ́ ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà, èyí tẹ́ ẹ bá ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, àgbẹ̀ tó fi í bẹ́ẹ̀ nídìí tó fi ṣe é. Ẹ máa rí ibi tí wọ́n to òkúta sí lára ògiri bí àtẹ̀gùn kékeré kéèyàn lè gbabẹ̀ kọjá ṣùgbọ́n kí màlúù má lè gbabẹ̀, stile ni wọ́n ń pè é, ẹ fọwọ́ di ògiri mú, ẹ má fò ó. Ọfà aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n kàn mọ́ òpó túmọ̀ sí pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni, aláwọ̀ búlúù, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ náà lè gbabẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa ya ẹnu nígbà tẹ́ṣin bá yọ sí yín lẹ́yìn. Ewé kan wà létí ọ̀nà, ó rí ṣágiṣàgi, èsìsì tiwọn ni, bó bá kàn yín lára ẹ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Eégbọn náà wà nínú koríko gíga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí náà ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú sọ́kì, tẹ́ ẹ bá délé ẹ yẹ ara yín wò àti tàwọn ọmọ, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún àti abẹ́ abíyá. Èyí tẹ́ ẹ bá rí, ẹ fi twíísà dì í mú nídìí lẹ́bàá awọ ara, ẹ rọra fà á jáde, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa síbẹ̀. Tójú ibẹ̀ bá wá ń pọ́n rébété lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ lọ rí GP, dókítà àdúgbò yín.

Ajá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín nìyẹn. Ajá pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wọn ò so, gbogbo olówó wọn ló sì máa sọ fún yín pé "he's only being friendly". Ẹ má sá. Ẹ dúró, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ má wò ó lójú, ẹ ní kí olówó ẹ̀ pè é, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èmi tí wọ́n ti lé rí láti Mọ́kọ́lá dé Sábó ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí o.

Nǹkan míì tó máa yà yín lẹ́nu ni ìkíni. Àwọn èèyàn yìí tí wọn ò ní wo ojú yín nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀nà òkè ni wọ́n ti ń kí gbogbo èèyàn. "Morning!" "Lovely day!" kódà tójò bá ń rọ̀. Ẹ dáhùn, ẹ má dijú, ẹ rò ó pé ẹ kú ìrìn ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó ń gòkè bọ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ fún tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni yẹn ló ń jìyà.

Lẹ́yìn pápá, igbó ló kàn, igi óòkù àti àwọn igi ńlá míì. Tó bá jẹ́ ìparí oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, òdòdó búlúù máa bo ilẹ̀ abẹ́ igi, ẹ má já a, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa bá ọ̀nà tó dábùú, Johnny Lane, ilé funfun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta tíì ní àwọn ọjọ́ kan, tó bá ṣí ẹ sinmi, tí ò bá ṣí ẹ ṣáà sinmi. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ti mu omi, torí àtẹ̀gùn ló kàn.

Jacob's Ladder ni wọ́n ń pe àtẹ̀gùn òkúta yẹn. Àkàsọ̀ Jákọ́bù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó tán, màámi ti jàre mi, orí òkè àdúrà náà ni. Jákọ́bù sùn, ó fi òkúta rọrí, ó rí àkàsọ̀ tó kan ọ̀run, àwọn áńgẹ́lì ń gòkè wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n áńgẹ́lì ò ní orúnkún tó ń dùn wọ́n. Bẹ́ ẹ ṣe máa gùn ún nìyí: ẹ má ka iye ẹ̀, kíkà ló máa ń pààyàn. Ẹ gbé ìṣísẹ̀ kéékèèké, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀ kó tó kan èyí tó kù, ẹ má fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń gùn tẹ́ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ ti ń sáré jù, ẹ dín in kù títí tẹ́ ẹ fi máa lè ráhùn dáadáa. Ẹni tó bá rọra jù láàárín yín ni kó wà níwájú, èyí ni mo fi ń ṣe gbogbo ìrìn tí mo bá kó èèyàn lọ, torí bó bá wà lẹ́yìn, gbogbo ìgbà táwọn tó kù bá dúró dè é, kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn wọ́n ti sinmi tán, wọ́n á tún gbéra, òun ò sì ní sinmi rárá.

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni kẹ́ ẹ yíjú wẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀kíní nídìí àtẹ̀gùn, ìlú ṣì tóbi, ẹ ṣì lè rí àwọ̀ mọ́tò. Ẹ̀ẹ̀kejì láàárín méjì, òrùlé ló kù, gbogbo ẹ̀ dúdú eérú. Ẹ̀ẹ̀kẹta tẹ́ ẹ bá ti yọ sókè.

Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Surprise View. Ìdí orúkọ yẹn ni pé ẹni tó bá gba òkè lọ́hùn-ún wá, láti ẹ̀gbẹ́ Yorkgate níbi tí wọ́n ń páàkì sí, ilẹ̀ tẹ́jú lójú ẹ̀, kò mọ nǹkan kan, àfi bí ilẹ̀ ṣe ṣàdédé já tí àfonífojì odò Wharfe sì ṣí sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó dáa, ó ya èèyàn lẹ́nu, fọ́tò ẹ̀ máa ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹni yẹn ò mọ ohun tó ń wò! Lójú ẹ̀, ìlú kan ló wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ọjà gbéra, ẹ wá aago yẹn, ẹ máa rí i, kò ju ìka lọ, ẹ wá títì tẹ́ ẹ gbà, ẹ wá afárá, ẹ wá pápá tájá ti dẹ́rù bà yín. Ẹ ti ń rí i látìsàlẹ̀ bó ṣe ń kéré sí i, ẹsẹ̀ yín ló sọ ọ́ di kékeré. Ohun tí mo ní màá sọ tá a bá dókè nìyẹn.

Ẹ wá ibi tatẹ́gùn ò ti pọ̀ lẹ́yìn òkúta, ẹ jókòó, ẹ ṣí fúláàsì. Lọ́wọ́ ọ̀tún lókèèrè ẹ máa rí àpáta kan tó yọ gọngọ láàárín pápá, Almscliffe Crag nìyẹn. Lẹ́yìn yín ẹ máa gbọ́ ìró ọkọ̀ òfurufú, pápákọ̀ Leeds Bradford wà nítòsí, òun ni pápákọ̀ tó ga jù ní gbogbo England, ìdí nìyẹn tí kùrukùru fi máa ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n ní Chevin fúnra ẹ̀, láti èdè àtijọ́ kan tó bá Welsh tan lorúkọ ẹ̀ ti wá, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti ìlú, òótọ́ ni, ó dà bí ẹ̀yìn ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tó ń sùn. Ní oṣù kẹjọ ewéko heather máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò láwọn ibi kan lókè níbẹ̀, èso dúdú kéékèèké tí wọ́n ń pè ní bilberry náà máa ń wà, ó dùn, ó máa ń pa ahọ́n láró, àmọ́ ẹ má jẹ ohun tí ò dá yín lójú. Lásìkò Àjíǹde wọ́n máa ń gbé àgbélébùú ńlá kan nàró sórí òkè yẹn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á máa rí i.

Ní òdì kejì odò, láàárín igi, ni Farnley Hall wà. Ní 1810 ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní J.M.W. Turner ṣe àlejò níbẹ̀, ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí Chevin yìí, ó dúró ó ń wò ó, ó ń ya á sẹ́yìn lẹ́tà kan. Nígbà táwòrán yẹn máa jáde ní London ní 1812, ìjì Otley ti di ìjì orí òkè Alps, Hannibal àtàwọn ọmọ ogun ẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Hannibal ọmọ Carthage, ará Áfíríkà. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn tí mo bá kó lọ pé ṣé ẹ rí i, àwa kọ́ la kọ́kọ́ gbé Áfíríkà wá síbí. Ará ilé Farnley kan náà, Major Horton-Fawkes, ló fi ilẹ̀ igbó Danefield tó wà lórí òkè yìí ta ìlú lọ́rẹ ní 1944, ìrántí àwọn tó kú lójú ogun, òun ló jẹ́ káwa náà lè jókòó síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá rí ìjì gidi tó ń bọ̀ látìhà ìwọ̀ oòrùn, ẹ má dúró ya nǹkan kan o, ẹ kúrò ní téńté, ẹ má sì sá sábẹ́ igi kan tó dá dúró.

Sísọ̀ kalẹ̀ rọrùn fún èémí, ó le fún orúnkún. Tí òkúta bá tutù, ẹ rọra fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ sọ̀, ẹ má kọ́wọ́ bọ àpò. Ẹni tórúnkún ń dà láàmú, kó gba àwọn ọ̀nà tó yí gba inú igbó Danefield, ó jìn díẹ̀ ṣùgbọ́n kò jálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má torí ìkánjú bọ́ sí títì East Chevin Road, mọ́tò ń já bọ̀ níbẹ̀ bí ọfà. Fún màmá àgbà tàbí bàbá tí ò lè gùn ún, kí ẹnì kan fi mọ́tò gbé wọn gba Yorkgate wá, ká pàdé wọn lókè, ìyẹn ò burú, àwọn ti gun tiwọn nígbà ayé wọn. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣubú tí ò lè dìde, 999 ni, ẹ ní ẹ fẹ́ police, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní mountain rescue, àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà, ẹ da jákẹ́ẹ̀tì bò ó.

Ó ku nǹkan kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ẹ ki slípásì kan àti ọ̀rá ńlá kan sísàlẹ̀ báàgì yín látilé. Tẹ́ ẹ bá padà dé sítéṣọ̀n bọ́ọ̀sì, ẹ bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ yẹn sínú ọ̀rá, ẹ wọ slípásì, kẹ́ ẹ tó gun bọ́ọ̀sì, nítorí dírẹ́bà tó bá rí ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ kó bọ̀, kò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú tó máa fi wò yín, ẹ máa gbé e délé.